Àgbọ̀n Ọkọ̀ Bàbá Àgbà

Bí Bàbá Àgbà bá lè mọ̀ pé mo jókòó láti kọ nǹkan nípa àwọn, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ta ló rán ọ?" Bí mo bá ní kò sẹ́ni tó rán mi, wọ́n á ní, "Kí ló wá dé tó o fi ń kọ ọ́?" Wọ́n á dákẹ́, wọ́n á jẹ́ kí n jẹun tán, kí n ti gbàgbé, wọ́n á tún béèrè, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìdáhùn ìrọ̀lẹ́ yàtọ̀ sí ti àárọ̀. Bàbá tó bí bàbá mi nìyẹn. A ti sin wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń da erùpẹ̀ sínú kòtò, mo ká ara mi mọ́ ibi tí mo ti ń wo àwọn tó ń sunkún lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mò ń rò ó pé èwo nínú wọn ló ń sunkún tòótọ́. Mo bá mọ̀ pé Bàbá ò tíì lọ tán.

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, ìwé mi ò pọ̀. Mo kàwé dé ìwọ̀n tí mo fi lè ka pátákó ojú ọ̀nà, mo wá kọ́ ọkọ̀ wíwà, ìyẹn náà sì ń bọ́ mi. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń pè mí ní Ọ́ńkù Bọ̀dé ló ní kí n sọ irú èèyàn tí Bàbá jẹ́. Mi ò ní to ìgbésí ayé wọn lẹ́sẹẹsẹ. Ó tó kí ẹ mọ̀ pé sítọ́ọ̀ ìjọba ni Bàbá ń ṣọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, pé ilé tí wọ́n kọ́ sí Ìbà ni gbogbo wa ń gbé, àti pé nígbà tí wọ́n kúrò ní sítọ́ọ̀ ìjọba, àwa ni wọ́n wá ń ṣọ́.

Bí nǹkan bá sọnù nílé, bí nǹkan bá fọ́, bí ọbẹ̀ bá lọ sílẹ̀ nínú ìkòkò, wọ́n á pè ọ́. Wọ́n á yọ awò ojú wọn, wọ́n á nù ún, wọ́n á gbé e padà sójú, wọ́n á wá máa wò ọ́. Wọn ò ní sọ nǹkan kan. Ìwọ fúnra rẹ lo máa bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, tí wàá ní, "Bàbá, èmi kọ́ o!" Wọ́n á ní, "Mi ò ní ìwọ ni. Mo kàn ń wò ọ́ ni."

Wíwò yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mi ò mọ̀ nípa ẹ̀ rí. Ojo ni mí, mi ò purọ́. Ojo tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀jọ́.

Ẹ gbọ́ ti gàrí. Inú ike ńlá kan ló máa ń wà. Bí Bàbá bá ti bu tiwọn tán, wọ́n á fọwọ́ tẹ́ ojú gàrí náà pẹrẹsẹ, wọ́n á fi ìka fa ilà sí i, kí wọ́n lè mọ̀ bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kàn án. Mọ́jí kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ilà náà. Mọ́jí ni àbígbẹ̀yìn Bàbá, àbúrò bàbá mi, ṣùgbọ́n mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Níwájú Bàbá, Àǹtí Mọ́jí ni, lẹ́yìn Bàbá, Mọ́jí lásán. A ó bu gàrí wa, Mọ́jí á tún ilà náà fà, ayé ń lọ. Àfi ọjọ́ tí a ṣí ike tí a bá ojú èèyàn nínú ẹ̀. Ojú méjì, imú, ẹnu tó fún pọ̀. Bàbá ti ya ara wọn sínú gàrí. Mọ́jí ò mọ àwòrán yà. A rọra dé e padà, a yíjú, Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ẹ bù ú. Kò ní bú yín."

Nínú ìjọ aláṣọ funfun tí à ń lọ ní Àjàngbàdì, ẹnu ọ̀nà là ń bọ́ bàtà sí. Bí wòlíì bá ní kí gbogbo ìjọ di ojú, Bàbá á di ẹyọ kan. Ẹyọ kejì wà lọ́dọ̀ bàtà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé èmi náà kì í di tèmi tán: ẹ̀rù máa ń bà mí kí ẹ̀mí má lọ gbé mi lójijì níwájú èrò. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé ṣé irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ń gbà. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ló ni ọkàn mi, ó ń ṣọ́ ọ. Bàtà yìí, èmi ni mo rà á."

Ti abẹ ló le jù. Kò sí gbajámọ̀ kankan ní gbogbo agbègbè wa tó fi abẹ kan àgbọ̀n Bàbá rí. Irun orí, wọ́n á jẹ́ kí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e. Irùngbọ̀n, àwọn fúnra wọn ni. Wọ́n á gbé díńgí kọ́ sára igi máńgòrò inú ọgbà, wọ́n á dojú ẹ̀ kọ apá ibi tí wọ́n á ti máa rí géètì lẹ́yìn wọn, wọ́n á máa fá a díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa wo ẹni tó ń wọlé. Mo ní, "Bàbá, gbajámọ̀ Òkókómáíkò yẹn mọṣẹ́ o." Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé ó mọṣẹ́. Ta ló mọ ohun tó ń rò?"

Gbogbo ìyẹn, ẹ̀rín là ń fi í rín. Èyí tí a ò lè fi rẹ́rìn-ín ni ti àwọn ọkùnrin tó ń wá Mọ́jí wá. Ẹnì kan ní ẹsẹ̀ lòun fi rìn láti Ìyànà Ìbà, Bàbá wo bàtà ẹ̀, kò ní eruku, ọ̀rọ̀ parí. Òmíràn kí wọn títí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Bàbá ní ẹni tó mọ ìkíni tó báyìí ti kí baba púpọ̀. Ẹ̀kẹta gba omi, ó mu ún tán láìmí. Bàbá ní, "Kí lèyí ń sá fún tí òùngbẹ fi gbẹ ẹ́ tó báyìí?" Bẹ́ẹ̀ ni Mọ́jí ń dàgbà sí i, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ sì ti ń pọn ọmọ.

Lẹ́yìn náà ni Sẹ́wánù dé. Ègùn ni, láti apá Àgbádárìgì, ó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe létí omi Ọ̀jọ́. Bí ara ọkọ̀ bá lu, á fi fáíbà, ike líle tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ojú omi, dí i, á ha á títí tó máa fi dán, o ò ní mọ ibi tó ti lu. Bàbá gbọ́, wọ́n mirí. Wọ́n ní, "Ẹni tó lè dí ihò tí ojú ò fi ní rí i, kí ni kò lè fi pa mọ́?"

Mọ́jí fà mí sẹ́yìn ilé. Kò sunkún, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní, "Bọ̀dé, bí wọ́n bá tún lé eléyìí, mi ò ní mú ẹnì kankan wọ géètì yìí mọ́ láyé mi. Kí Bàbá kúkú máa fi mí pamọ́ sí sítọ́ọ̀."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí ti ọkọ̀ ṣẹlẹ̀.

Ọkọ̀ Bàbá, Jámánì aláwọ̀ ewé kan ni, tí òyìnbó kan tà fún wọn nígbà tó ń padà sílé. Ìgbà Sáàpù ìjọba, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, là ń wí yìí, ọkọ̀ tuntun ti di ohun tí à ń fojú lásán wò lójú títì, ẹni tó ní ògbólógbòó ń tọ́jú ẹ̀ bí ẹyin. Bí mo bá ti gbé ọkọ̀ náà wọlé, Bàbá á mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n á fa ilà yí ìdí táyà kọ̀ọ̀kan ká. Bí ọkọ̀ bá sún bíńtín, ilà á sọ. Ojú wọn ti ń ṣú nígbà yẹn, àwọn ọmọ wọn sì ti ní kí wọ́n má dá wakọ̀ mọ́. Èmi ni mò ń gbé wọn lọ síbi gbogbo, pẹ̀lú ẹ̀rù. Bí tírélà bá ti yọ lẹ́yìn mi lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, màá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ìjọ.

Lábẹ́ báńpà iwájú ọkọ̀ náà, ohun dúdú pẹlẹbẹ kan wà tó sún mọ́ ilẹ̀. Mekáníìkì kì í pè é ju "nǹkan ìsàlẹ̀ yẹn" lọ. Bàbá ló sọ ọ́ ní àgbọ̀n ọkọ̀. Bí o bá dúró lókèèrè wo ọkọ̀ náà, iná méjèèjì ni ojú, báńpà ni ètè, ohun dúdú yẹn sì ni àgbọ̀n. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó gba afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà, kó darí ẹ̀ sókè sí rédíétọ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè máa tutù.

Àárọ̀ Mọ́ńdè kan la jí bá àgbọ̀n náà ní fífọ́. Ààbọ̀ ẹ̀ ti ya, ó ń wọ́ nílẹ̀ bí ahọ́n ajá.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ẹ̀. Wọ́n yọ awò ojú, wọ́n nù ún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

"Bàbá, èmi kọ́ o. Láti ìgbà tí a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lánàá, mo ti lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní Navy Town. Ibi tí kọ́kọ́rọ́ máa ń wà ni mo fi í sí."

"Mi ò ní ìwọ ni. Mo kàn ń wò ọ́ ni."

Wọ́n na ìka sí ìdí táyà. Ilà ṣọ́ọ̀kì wà níbẹ̀, ó pé, kò bàjẹ́. Èmi bọ́. Ó ku àwọn tó wá bá ọkọ̀ níbi tó wà. Wọ́n wo Ìyá Rísì, ayálégbé wa tó ń ta kẹrosíìnì, torí pé wọ́n máa ń yí dúrọ́ọ̀mù kẹrosíìnì ẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjá. Ìyá Rísì búra títí ọ̀fun ẹ̀ fi gbẹ. Láti ọjọ́ yẹn ló ti dẹ́kun kíkí Bàbá ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú Bàbá dúró lé gan-an ni Sẹ́wánù. Ó wá kí Mọ́jí ní ọ̀sán Sọ́ńdè yẹn, wọn ò jẹ́ kó wọ yàrá, iwájú ọkọ̀ ló dúró sí, gbogbo àdúgbò sì rí i tó gbé ẹsẹ̀ kan lé báńpà láti so okùn bàtà.

Kí n sọ òótọ́, èmi náà gbà pé òun ni. Ẹ̀rù ló ń jẹ́ kéèyàn tètè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́: bí ó bá jẹ́ pé òun ni, kò ní jẹ́ èmi.

Mekáníìkì Òkókómáíkò wo àgbọ̀n náà, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ dànù. Fáàrí lásán ni." Ó gé apá tó ń wọ́ nílẹ̀ kúrò, ó fi ìyókù sílẹ̀. Bàbá ní òyìnbó kì í ṣe fáàrí síbi tí ẹnì kankan ò ní rí, pé ọkùnrin yìí ń fi nǹkan pa mọ́ fún àwọn. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ìgbà tí a wá bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀, tí mo tẹná mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, nígbà tí a fi máa dé Ìyànà Ìbà, ooru ti ń tú jáde níwájú bí ìkòkò tó ń hó. Mo ṣílẹ̀kùn, mo fò jáde, mo sá dé ìdí àwọn ọlọ́sàn kí n tó rántí pé Bàbá ṣì wà nínú ọkọ̀. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n yí gíláàsì sílẹ̀, wọ́n ní, "Bọ̀dé, ṣé o ti dé ibi tó ò ń lọ?"

Ìgbà tí a délé, wọ́n rán mi níṣẹ́ kan ṣoṣo. "Lọ bá ọmọ Ègùn yẹn. Sọ fún un pé kó tó tún wọ géètì yìí, kó gbé àgbọ̀n wá."

Mo bá Sẹ́wánù létí omi, ó ń ha ìdí ọkọ̀ kan, ẹ̀rọ ń han, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Mo pariwo, "Bàbá ní kó o tó tún wọlé, kó o gbé àgbọ̀n wá!"

Ó pa ẹ̀rọ. "Àgbọn?"

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Ojú ẹ̀ là. "Ṣé díẹ̀ ni wọ́n fẹ́, Àna, àbí púpọ̀?" Ó ti ń pè mí ní àna nígbà yẹn, kí wọ́n tó fún un ní ìyàwó.

Mo rò pé apá tó fọ́ ló ń bi mí. Mo ní, "Odindi o! Bàbá ò fẹ́ ààbọ̀."

Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ń dúpẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ń wò ó bí mo ṣe ń lọ. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, tí wọ́n ní kó wá tún nǹkan ṣe, kí ló ń dùn mọ́ ọn? Ìfura Bàbá ti ràn mí.

Ní Sátidé, a gbọ́ ìró ọmọlanke lẹ́nu géètì. Sẹ́wánù ló ṣíwájú, ó wọ aṣọ funfun, àbúrò bàbá ẹ̀ wà lẹ́yìn, àgbàlagbà kan tó dé àkẹtẹ̀, àwọn méjì sì ń ti ọmọlanke tó kún fún àgbọn. Àgbọn jíjẹ. Àgbọn tútù, àgbọn gbígbó, èyí tí wọ́n ti bó àti èyí tó ṣì wà nínú èèpo, ó ga débi pé wọ́n fi àwọ̀n ẹja bò ó kó má baà ya lulẹ̀.

Bàbá dìde lórí àga. "Kí lèyí?"

Sẹ́wánù dọ̀bálẹ̀. "Àgbọn tí ẹ ní kí n gbé wá ni, sà."

"Mo ní kí o gbé kí ni wá?"

"Àgbọn."

Bàbá fọwọ́ gbá àgbọ̀n ara wọn. "Àgbọ̀n! Àgbọ̀n!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àgbọn."

Mo sá wọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo ki fìlà mi bọ ẹnu. Bàbá tún gbá àgbọ̀n wọn, pá, pá. Àgbàlagbà Ègùn yẹn rò pé inú ń bí wọn torí pé ẹrù kéré. Ó tẹ̀ síwájú tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Bí kò bá tó, a ó lọ mú wá sí i."

Mọ́jí ò rẹ́rìn-ín rárá. Ó jáde síta, ó dúró láàárín àgbọn àti bàbá ẹ̀. "Bàbá, ọkọ ni èmi ń wá o! Ẹ̀yin ń wá àgbọ̀n ọkọ̀! Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá gbé àgbọn tó báyìí wá, ó ti gbé dúkìá wá. Ẹ sọ fún mi kí wọ́n gbé e padà, kí n mọ̀ pé ó ti parí."

Ìyá Rísì dáwọ́ kẹrosíìnì tó ń wọ̀n dúró. Sẹ́wánù wo Mọ́jí, ó wo Bàbá, ó wo ọwọ́ tó ṣì wà lágbọ̀n Bàbá, ó wá wo iwájú ọkọ̀. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ̀ ọ́ lára.

"Háà. Ti ọkọ̀." Ó lọ, ó kúnlẹ̀ síwájú ọkọ̀, ó fọwọ́ tọ́ ibi tó ṣẹ́. "Bàbá, èmi kọ́ ni mo fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo lè ṣe òmíràn."

"Ẹni tí kò fọ́ ọ, kí ló kàn án nínú títún un ṣe?"

"Mọ́jí ni, sà."

Bàbá nu awò ojú wọn, wọ́n nù ún pẹ́. Wọn ò ní kí wọ́n gbé àgbọn padà, wọn ò sì ní àwọn gbà á. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, mo rí wọn níwájú òkìtì àgbọn, wọ́n ń mú un lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń mì ín lẹ́bàá etí, wọ́n ń gbọ́ bóyá omi wà nínú ẹ̀.

Sẹ́wánù fi páálí gba ìwọ̀n ọkọ̀, ó sì padà wá ní Sátidé kejì pẹ̀lú àgbọ̀n fáíbà tó ti ṣe. Dúdú ni, ó ń dán, iwájú ẹ̀ sì yọ díẹ̀ bí ti ọkọ̀ ojú omi, torí ohun tí ọwọ́ ẹ̀ mọ̀ nìyẹn. Bàbá yí i ká. "Ṣé o fẹ́ kí n wà á lọ sí Kútọnu lórí omi ni?" Ṣùgbọ́n wọ́n gbé àga jókòó síwájú ọkọ̀, wọ́n sì ní kí gbogbo nọ́ọ̀tì tí a bá tú máa kọjá lábẹ́ ojú àwọn.

A fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, a fi igi àti òkúta tì í. Èmi àti Sẹ́wánù wọ abẹ́ ẹ̀ lórí ẹní. Bí jáàkì bá ti dún kẹ́rẹ́, màá ti wà ní ìta. Sẹ́wánù ní, "Àna, o ti jáde tán kí ọkọ̀ tó mí." A da kẹrosíìnì sí ìdí àwọn nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún, a dúró kó wọ̀ ọ́, èyí tó tú tú, èyí tó kọ̀ a fi ayùn gé e. Ìyókù àgbọ̀n àtijọ́ já bọ́ sí wa láyà.

Sẹ́wánù gbé e, ó yí i padà. Ọwọ́ ẹ̀ dúró. Ní ẹ̀yìn ẹ̀ nínú, níbi tí ojú ẹnì kankan ò lè dé àfi bí wọ́n bá tú u, ọ̀dà búlúù ti rá mọ́ ọn, ó ki, simẹ́ǹtì díẹ̀ sì há sínú ibi tó ya. Ó wò mí. Mo wò ó. Mo mọ búlúù yẹn. Gbogbo ìjọ mọ búlúù yẹn, àti ẹni tó bá ti gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kọjá. Ọ̀sán Sọ́ńdè yẹn gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kun etí gọ́tà ṣọ́ọ̀ṣì ní Àjàngbàdì nítorí ìkórè, lẹ́yìn tí a ti lọ sílé. Ìpàdé àwọn àgbà ìjọ, tí Bàbá wà lára wọn, sì wà níbẹ̀ nírọ̀lẹ́.

"Kí lẹ ń wò níbẹ̀ yẹn?" ni Bàbá ń pariwo. "Ẹ gbé e wá kí n wò ó!"

Sẹ́wánù rọra sọ sí mi létí pé, "Má sọ nǹkan kan, Àna." Ó na àgbọ̀n àtijọ́ náà jáde láti abẹ́ ọkọ̀.

Láti ibi tí a wà, ẹsẹ̀ Bàbá nìkan là ń rí. Sílípáàsì méjì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń lu ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá ń yẹ nǹkan wò. Lẹ́yìn náà ó dáwọ́ dúró. Mo ń gbọ́ tí jáàkì ń dún, fún ìgbà àkọ́kọ́ mi ò sì rántí sá.

Wọ́n lè wọ́ ọ jù sí ààtàn. Wọ́n lè fi aṣọ nù ún. Ilà ṣọ́ọ̀kì wà tó lè jẹ́rìí fún wọn, ṣé àwọn náà kọ́ ni wọ́n tún un fà nígbà tí wọ́n dé? Àwa méjì tí a rí i, ọ̀kan ń wá ìyàwó, ìkejì ń bẹ̀rù òjìji.

"Ẹ jáde."

A jáde. Bàbá ti dìde, àgbọ̀n ọkọ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n pe Mọ́jí, wọ́n pe Ìyá Rísì, wọ́n pe ẹnikẹ́ni tó wà nínú ọgbà. Wọ́n yọ awò ojú wọn, mo rò pé wọ́n fẹ́ nù ún. Wọn ò nù ún. Wọ́n fi sápò.

"Mo wakọ̀ lọ sí ìpàdé lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn. Wọ́n ní kí n má wà á, mo wà á. Mi ò mọ̀ pé mo gbá nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo jáde, mi ò sì sọ. Èmi ni. Ẹ wò mí."

Ta ló tó wò wọ́n? Mo ń wo ilẹ̀. Wọ́n ní, "Bọ̀dé, mo ní kẹ́ ẹ wò mí." Mo gbójú sókè, ojú wọn láìsí awò kéré, ó rẹ̀ ẹ́. Wọ́n yí sí Sẹ́wánù. "O rí ọ̀dà yìí kí n tó rí i."

"Mo rí i, sà."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín ló máa dé, sà. Ẹ̀yin lẹ ni ín láti sọ."

Ìyá Rísì ò ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Èmi ti mọ̀ látìgbà náà o, Bàbá. Mo rí yín tí ẹ gbé e wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tí àgbọ̀n ń wọ́ nílẹ̀."

"O rí mi? O sì jẹ́ kí n fẹ̀sùn kàn ọ́?"

"Bàbá, ta ni mo fẹ́ lọ bá? Ẹ̀yin náà ni adájọ́."

Bàbá ní ká padà sẹ́nu iṣẹ́. Àgbọ̀n tuntun náà wọlé, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n lára báńpà, ó ń dún. Ó fẹ́ nǹkan rírọ̀ láàárín nọ́ọ̀tì àti fáíbà. Sẹ́wánù ń wá rọ́bà kiri ọgbà. Bàbá bọ́ sílípáàsì ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn, wọ́n nà án sí i. Bàbá tí kì í di ojú méjì nítorí bàtà. Sẹ́wánù wò ó, kò fẹ́ gbà á. Wọ́n ní, "Gé e. Mo ti wò ó." Ó gé e wẹ́wẹ́, ó fi sídìí nọ́ọ̀tì, a dè é, ó dákẹ́. Ọkọ̀ yẹn ò gbóná mọ́ títí tí wọ́n fi tà á, àwọn ọmọ àdúgbò sì ń pè é ní ọkọ̀ ojú omi Bàbá.

Àwọn ará Sẹ́wánù tún padà wá, lọ́nà tó tọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Bàbá ò bi wọ́n ní ìbéèrè púpọ̀, àfi ọ̀kan: wọ́n béèrè bóyá wọ́n gbé àgbọn wá. Mọ́jí ń bẹ ní Ọ̀jọ́ dòní, àwọn ọmọ ẹ̀ wà lára àwọn tí mò ń kọ èyí fún.

Ẹ má rò pé Bàbá yí padà o. Ojú èèyàn wà nínú gàrí títí di ọjọ́ ikú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú wọn ṣú pátápátá, díńgí ara igi máńgòrò ò wúlò mọ́. Irùngbọ̀n hù, ó rí játijàti. Bàbá mi mú gbajámọ̀ wálé, wọ́n lé e. Mo ní kí n bá wọn fá a, wọ́n ní, "Ìwọ? Kí abẹ máa gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ, kí ọ̀fun mi máa gbọ̀n lábẹ́ ẹ̀?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Lọ́jọ́ kan tí Mọ́jí àti ọkọ ẹ̀ wá kí wọn, wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ lórí òkúta ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá. Sẹ́wánù."

"Abẹ wà lójú fèrèsé."

Láti ọjọ́ yẹn lọ, gbogbo Sátidé ló ń wá. Á gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò, Bàbá á jókòó, wọ́n á kẹ̀yìn sí géètì. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n á di ojú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ojú náà ò ríran mọ́. Mo máa ń dúró wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà, mo máa ń wo ọwọ́ Sẹ́wánù, mo máa ń wo abẹ, kí n má purọ́, èmi ni mò ń ṣọ́ wọn.

Sátidé tó gbẹ̀yìn, ara wọn ò le, orí ibùsùn ni wọ́n wà. Sẹ́wánù ní kí àwọn fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá ò gbà. Wọ́n ní ká fi ìrọ̀rí ti àwọn lẹ́yìn. Wọ́n di ojú méjèèjì, wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n wá na ọrùn sí i, wọ́n ní, "Àgbọ̀n rèé o. Kì í ṣe àgbọn."